Ọmú Tí Kò Mọ Ẹnu Ọmọ

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Húsnà aránṣọ fún yín, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè rí, títí di ọjọ́ tó la ẹnu níwájú Ààfáà.

Treichville ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lẹ́yìn mọ́sálásí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin gíga kan wọlé, ó fi ọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò rẹ̀. Wẹ́dà ni, Vridi ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń jó àwọn páìpù ńláńlá pọ̀ létí omi. Iná ti jẹ àpò rẹ̀ dé itan.

"Ẹ bá mi lẹ ibí yìí."

"Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, kí ẹ wá gbà á lọ́la," ni Húsnà wí, kò gbójú sókè.

"Tí mo bá bọ́ ọ, kí ni n ó wọ̀ délé?"

Húsnà na ìró olódòdó kan sí i. Ọkùnrin náà ró o, ó jókòó sórí àpótí, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn méjèèjì jọ bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan tó ń gba owó nínú gbaka, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, yọjú wọlé bó ṣe ń kọjá, ó kí ọkùnrin náà bí ẹni ń kí obìnrin, ó ní, "Tantie, bonsoir." Húsnà fi aṣọ bo ẹnu, ẹ̀rín pa á títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin náà tún dé pẹ̀lú ṣòkòtò mìíràn. Húsnà yẹ ojú ihò náà wò, ó mú un sún mọ́ ìmọ́lẹ̀.

"Iná wo ló ń jó aṣọ gún régé báyìí? Sísọ́ọ̀sì lẹ fi gé e."

"Iná kan wà lọ́kàn mi," ni ọkùnrin náà, Múdàṣírù, dáhùn. "Kò tíì kan aṣọ, ni mo ṣe bá a gé e."

Ìyá Àmínátù, àgbà obìnrin tó ń ta òrí níwájú ṣọ́ọ̀bù, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òun àti àwọn òbí Múdàṣírù ti jọ gbé ilé kan náà nígbà tí ayé wọn ṣì tutù. Ó ní, "Húsnà, bí ọmọkùnrin yìí ṣe ń gé ṣòkòtò, láìpẹ́ ìhòòhò ni yóò máa rìn lọ sí Vridi. Jẹ́ kí n tètè lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀." Bó ṣe di alárinà nìyẹn.

Ìyá Múdàṣírù, tí gbogbo Treichville ń pè ní Àlàájà, kò gbà. Ọmọ Ìgbòho ni, ó sì fẹ́ kí ìyàwó ọmọ òun ti Ìgbòho wá. Ó fúnra rẹ̀ wá wo Húsnà ní ṣọ́ọ̀bù. Húsnà kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù mú kí "bonsoir" bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rántí "ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Wọ́n ní o mọ aṣọ rán," ni Àlàájà wí, ó ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé o mọ ọmọ bí?"

Húsnà fa etí ìborùn rẹ̀ bo ojú, kò dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Ramadan dé. Ní gbogbo oṣù náà, Múdàṣírù kò fi oúnjẹ ìyá rẹ̀ ṣínu. Mọ́sálásí ló ti ń mu omi, tó ti ń jẹ búrẹ́dì, lẹ́yìn náà á lọ sùn. Nígbà tí oṣù fi máa lé, Àlàájà ti rí i pé ọmọ òun ń rù. Ó ránṣẹ́ sí alárinà, ó ní, "Kó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo yàn án."

Kí wọ́n tó so yìgì wọn, Múdàṣírù mú Húsnà lọ sí etí omi Vridi ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ọkọ̀ ojú omi kan ń wọlé, ó ga ju ilé lọ, kò sì pariwo. Múdàṣírù ní, "Húsnà, mi ò ní fẹ́ ẹlòmíràn lé ọ. Bó ṣe wù kí ayé rí. Ìwọ nìkan tó mi."

Húsnà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu èédú iná tó ti gbẹ mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Ìyẹn ni èsì rẹ̀.

*

Ọdún mẹ́fà kọjá, kò sí ọmọ.

Sìrájù, àbúrò Múdàṣírù, ló bímọ. Wọ́n kóra jọ sí àgbàlá Àlàájà láti sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìyá rẹ̀ sì wà nínú ilé, ó ń wẹ̀. Húsnà gbé ọmọ náà, ó fi í sáyà, ó ń jó díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ìgbà náà ni Àlàájà la àárín àwọn obìnrin kọjá, ó sì já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbé ọmọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé. Ọmú tí kò mọ ẹnu ọmọ, kí ló fẹ́ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ńlá, ẹ̀rín abẹ́ imú ni, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló rín in. Àlàájà rí i pé ọ̀rọ̀ òun dùn, ó fi kún un. "Èmi tí ẹ ń wò yìí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Múdà jáde. Ọsibítù dá mi dúró, wọ́n rò pé n ò ní yè. Síbẹ̀ nígbà tí mo délé, mo fún ọmọ mi lọ́mú fúnra mi. Ọmú ẹlòmíràn ò kan ẹnu Múdà rí. Èmi ò tọ́ ọmọ lọ́mú àyálò."

Ìyá Àmínátù wà níbẹ̀. Ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Húsnà wo ẹnu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ dúró níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Múdàṣírù fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó sì yí ojú sí títì.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan jókòó sí Húsnà láyà bí òkúta. Tó bá ń rán aṣọ, tí ẹ̀rọ ń dún, ohun tó ń gbọ́ ni "ọmú tí kò mọ ẹnu ọmọ." Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń kí Àlàájà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fọ aṣọ fún un, ó sì ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀.

Dókítà ti yẹ àwọn méjèèjì wò. Ó ní ọ̀nà tí ọmọ ń gbà nínú Húsnà ti dí, ìtọ́jú kan sì wà: wọ́n á po ti ọkọ àti ti aya pọ̀ nínú ìgò, tó bá mú, wọ́n á gbé e sínú ìyá. Wọ́n ṣe é. Abẹ́rẹ́ ní òwúrọ̀, abẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ikùn rẹ̀ wú bí àgbá. Kò dúró.

Ní àkókò yẹn ni ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Yopougon, èyí tí wọ́n ń pè ní pouponnière, gbé iṣẹ́ aṣọ ìkókó fún un. Ọjọ́ tó gbé aṣọ lọ, ọmọkùnrin kan ń ké nínú bẹ́ẹ̀dì kékeré. Wọ́n ní Aboudou lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú níbi ìbímọ, kò sí ẹni tó wá béèrè rẹ̀. Tantie Akissi, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn, ní, "Kì í gba ìgò. Ìkanra ló fi ń mu ún."

Húsnà wo ẹ̀yìn, kò rí Àlàájà. Ó gbé ọmọ náà. Aboudou fi orí wá àyà rẹ̀ kiri, ó ń fi ẹnu gún un bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo.

"Fún un," ni Tantie Akissi wí.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Fún un bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ìyá àgbà tí omi ọmú rẹ̀ padà nítorí ọmọ tó ń fà á. Ọmọ ló ń pe omi."

Húsnà ṣe é. Ọmọ náà mú un, ó sì pa ojú dé. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ tí Húsnà kì í wọ gbaka lọ sí Yopougon. Dókítà ilé náà fún un ní oògùn tí í ran omi ọmú lọ́wọ́, Tantie Akissi sì kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe é.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gba ọmọ yìí, ká tọ́ ọ."

Múdàṣírù mí kanlẹ̀. "Mo bá Màmá sọ ọ́. Ó ní ọmọ ọlọ́mọ ni. Ó ní ọkùnrin ni, tó bá bàlágà, àjèjì ló máa jẹ́ sí ọ, orí lo ó máa bò fún un nínú ilé ara rẹ."

"Mi ò béèrè ti Màmá. Ẹ̀yin ni mò ń bi."

"Èmi... Jẹ́ ká tún ìtọ́jú yẹn ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, Húsnà. Bóyá."

Ó gbà, ó sì dáwọ́ lílọ sí Yopougon dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó mú un gbà kò dára. Kì í ṣe ojú ọmọ ló ń rí bó ṣe ń gba abẹ́rẹ́. Ojú Àlàájà ló ń rí. Oyún ló fẹ́ rù, kó fi la àgbàlá yẹn kọjá, kó rìn díẹ̀díẹ̀ níwájú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Èkejì náà kò dúró.

Nígbà tó tún padà sí Yopougon, tó gbé Aboudou sáyà tí òun fúnra rẹ̀ ń sunkún, aṣọ rẹ̀ tutù. Ó kọ́kọ́ rò pé omijé ni.

*

Múdàṣírù jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ bàtà.

"Màmá ní mo gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn. Ó ní tí mi ò bá ṣe é, òun ò ní dárí ọmú tí mo mu jì mí."

"Ta ni?"

"Látífà. Ọmọ Karim, ará Ìgbòho."

"Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ létí omi Vridi?"

"Mo rántí."

"Ó dáa," ni Húsnà wí. Ó dìde, ó lọ ká aṣọ tó sá. Ó ti fi orúkọ ọkọ rẹ̀ kún orúkọ Àlàájà lọ́kàn.

Nígbà tí ìròyìn náà dé etí Ìyá Àmínátù, ó dúró pẹ̀lú òrí lọ́wọ́. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn.

"Karim wo? Karim tí ìyá rẹ̀ bá wa gbé ilé?"

"Òun ni, mà."

"Kò ṣeé ṣe. Lá ilàha." Ó jókòó. "Húsnà, nígbà tí Àlàájà wà ní ọsibítù, bàbá Múdà gbé ọmọ wálé. Wàrà agolo ni wọ́n ń fún un, ó ń pọ̀ ọ́ jáde. Ọmọ ń gbẹ lójú wa. Ìyá Karim ń fún àbúrò Karim lọ́mú lọ́wọ́, ojú yàrá rẹ̀ kọ sí tiwọn. Ó gbé Múdà, ó fún un lọ́mú, ó ń fún un lọ títí ìyá rẹ̀ fi dé. Bàbá Múdà ló bẹ̀ wá pé ká má sọ. Ó ní ìyàwó òun ń jowú, tó bá gbọ́, ilé ò ní gbà wá. A ní wàrà agolo ló mu. Bàbá Múdà ti kú. Ìyá Karim ti padà sí Ìgbòho. Karim fúnra rẹ̀ ò tíì gbọ́n nígbà náà. Èmi nìkan ló kù níbí tó mọ̀."

Húsnà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Kí wá ni Látífà jẹ́ sí ọkọ mi?"

"Ọmọ tó mu ọmú obìnrin ti di ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Múdà ni Karim. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Látífà. Kò lè fẹ́ ẹ, ìbáà ṣe òun nìkan ni obìnrin tó kù láyé. Dìde, ká lọ sọ fún wọn."

Húsnà kò dìde. Nǹkan kan ń rúwé nínú rẹ̀.

"Ẹ má tíì sọ, mà."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni o."

"A ó sọ ọ́. Kí wọ́n tó so yìgì, a ó sọ ọ́, mo ṣèlérí fún yín. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti bú mi ni mo fẹ́ sọ ọ́ sí. Lójú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí ó pe gbogbo wọn jọ fúnra rẹ̀."

Ìyá Àmínátù wò ó pẹ́. "Mo rò pé èmi ni mo bá wọn mú ọmọ jẹ́jẹ́ wá," ló wí. "Ẹ̀rù rẹ bà mí lónìí." Ṣùgbọ́n ó gbà.

Àlàájà fúnra rẹ̀ ló gbé léèsì wá. Ó jù ú sórí tábìlì. "Ìwọ ni n ó gbé e fún. Fi ọwọ́ ara rẹ rán aṣọ ẹni tó ń bọ̀ wá bímọ fún wa."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Màá rán an dáadáa."

Látífà wá kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ọmọbìnrin tín-ín-rín ni, kò lè wo ojú Húsnà. Bí téèpù ṣe yí i láyà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rò pé èmi ni mo wá wọn wá. Ẹnì kan wà ní Yopougon, Tóbi, ó ń tún fóònù ṣe. Bàbá mi ní mi ò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n Húsnà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ọmọ yìí á sì sáré lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ó rántí ẹ̀rín abẹ́ imú yẹn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Na ọwọ́ rẹ," ló wí.

Ó rán aṣọ náà bí ẹni ń rán ti àbúrò rẹ̀. Ó fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ mìíràn ni wọ́n máa wọ̀ ọ́ ṣe ìyàwó.

Inú ọ̀sẹ̀ náà ni dókítà pè é. Ó ní àyè ìtọ́jú ìkẹta ti ṣí sílẹ̀, ó sì gbà gbọ́ pé èyí lè mú. "Ṣùgbọ́n Madame, mo gbọ́ pé ẹ ń fún ọmọ kan lọ́mú. Ẹ ní láti já a kúrò lẹ́nu ọmú kí a tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Méjèèjì ò lè lọ pọ̀. Ẹ ronú sí i, kí ẹ fún mi lésì."

Húsnà gbé fóònù sílẹ̀. Ní apá kan, oyún tó lè fi la àgbàlá kọjá. Ní apá kejì, ẹnu kékeré kan tó ti mọ òórùn rẹ̀. Ó ń rò ó títí di ọjọ́ yìgì, kò tíì mú ọ̀kan.

*

Àgbàlá Àlàájà kún. Àwọn obìnrin tó rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló tún jókòó síbẹ̀, nínú léèsì tuntun. Húsnà wọlé, ó pọn Aboudou sẹ́yìn. Tantie Akissi ti gbà kó máa mú un lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀.

"Ọmọ ta nìyẹn?" ni obìnrin kan béèrè.

"Ọmọ oníbàárà rẹ̀ ni," ni Àlàájà dáhùn kí Húsnà tó lanu. "Ẹ wo aṣọ ìyàwó. Ìyálé fúnra rẹ̀ ló rán an. Ẹ rí i bí mo ṣe kọ́ ọ?"

Múdàṣírù jókòó síwájú Ààfáà Àbdùlbàkí, ó tẹ orí ba bí ẹni tí wọ́n ń fá lórí. Ààfáà ka ohun tó ní láti kà. Lẹ́yìn náà ó béèrè, bó ṣe máa ń béèrè níbi gbogbo yìgì, bóyá ẹnikẹ́ni mọ ohun tó lè dí i lọ́wọ́.

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni Húsnà wí.

Ohùn rẹ̀ kò ga. Síbẹ̀ gbogbo àgbàlá ló gbọ́ ọ, àwọn obìnrin yí ọrùn sí i.

"Owú ni," ni Àlàájà wí. "Ẹ má dá a lóhùn, Ààfáà. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

"Ọ̀rọ̀ ọmú ni, Ààfáà. Ìyá Karim fún ọkọ mi lọ́mú nígbà tó wà ní ìkókó."

Àlàájà dìde. "Irọ́! Ta ló bí Múdà, ìwọ ni àbí èmi? Ọmú ẹlòmíràn ò kan ẹnu rẹ̀."

"Ó kàn án, Àlàájà," ni Ìyá Àmínátù wí, ó ń fi ọ̀pá dìde. "Ojú mi ló ṣe. Bàbá Múdà ló ní ká má sọ fún ọ. Kí Ọlọ́hun dárí jì í, ó sì dárí jì mí."

Ààfáà na ọwọ́ sí Karim. "Ṣé ìyá rẹ wà láàyè?"

"Ó wà ní Ìgbòho, Ààfáà."

"Pè é. Jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́."

Fóònù dún pẹ́. Lẹ́yìn náà ohùn àgbà kan jáde nínú rẹ̀, akukọ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀. "Karim, ṣé ẹ ti so ó?"

"Ó ku díẹ̀, Màmá. Ààfáà fẹ́ bi yín ní nǹkan."

Ààfáà kí i, ó sì bi í bóyá ó fún Múdàṣírù, ọmọ Àlàájà, lọ́mú rí.

Ohùn náà ròkè lójijì. "Múdà? Ṣé Múdà lẹ fẹ́ fún Látífà ni? Ọmọ Àlàájà ni wọ́n sọ fún mi, mo rò pé Sìrájù ni. Áà, ẹ dá a dúró. Ọmọ mi ni Múdà. Ọmú òsì ló fẹ́ràn. Tí mo bá gbé ti ọ̀tún sí i lẹ́nu, á pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ṣé ó wà níbẹ̀? Ẹ gbé fóònù fún un, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Múdàṣírù dọ̀bálẹ̀ sí iwájú fóònù náà lórí ẹní. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá," ló wí.

Nígbà tí Àlàájà gbọ́ "Màmá" yẹn, ọwọ́ rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀, ó lọ di àyà rẹ̀ mú. Ó jókòó.

Ààfáà ká ìwé rẹ̀. "Kò sí yìgì níbí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nípa ọmú ni ọmọbìnrin yìí." Látífà fi ìborùn bo ojú, Húsnà nìkan ló mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń bò.

Ìgbà náà ni Aboudou jí, ó sì ké. Húsnà tú u sílẹ̀. Ó jókòó láàárín àwọn obìnrin náà, ó fi ìborùn bo ara rẹ̀, ó sì fún ọmọ lọ́mú. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì.

"Ààfáà, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ọmọ yìí kò ní ìyá láyé. Ó ti ń mu mí láti ìgbà díẹ̀. Ọmú tó dá yìgì dúró lónìí, ṣé ó lè sọ mí di ìyá rẹ̀?"

"Ó ti sọ ọ́ di ìyá rẹ̀," ni Ààfáà wí. "Orúkọ bàbá tó bí i kò ní kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n o ò ní bo orí fún un láé."

Húsnà yí sí Àlàájà. "Màmá, ẹ ní ọmú mi ò mọ ẹnu ọmọ. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ní ẹ̀yin ò tọ́ ọmọ lọ́mú àyálò. Ọmú àyálò ló jẹ́ kí ẹ bá ọmọ láàyè nílé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, Màmá. Èmi ni mo kó o."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ Húsnà. Ó dùn dé eegun. Ó wo àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ojú ọkọ rẹ̀.

*

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" ni Múdàṣírù béèrè nígbà tí wọ́n délé.

"Kí n tó gé aṣọ ìyàwó."

"O rí mi tí mi ò lè jẹun. O rí i pé mò ń kú lọ. O sì ń rán aṣọ."

"Mo rí yín. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ̀yin náà rí mi. Ẹ yí ojú sí títì."

Múdàṣírù bọ́ fìlà rẹ̀. Ó wo ọmọ tó sùn sórí ìtẹ́ aṣọ. "Dókítà ń retí èsì."

"Oyún tí mò ń wá, iwájú ìyá yín ni mo fẹ́ gbé e kọjá. Mo ti kọjá. Mi ò nílò rẹ̀ mọ́. Ọmọ yìí ni mo fẹ́, mi ò sì ní já a lẹ́nu ọmú nítorí ẹnikẹ́ni."

"Èmi ńkọ́? Èmi náà fẹ́ ọmọ tó jọ mí."

"Ṣé ọmọ Ìyá Karim ni yín, àbí ẹ kì í ṣe ọmọ rẹ̀?"

Múdàṣírù jáde. Fún ọjọ́ mélòó kan, ilé náà dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò. Ẹ̀rù ba Húsnà. Ẹ̀san tí kò ní dùn mọ́ ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ, ṣé ọkọ ni n ó fi san án, ló ń bi ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ojú ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn. Múdàṣírù ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ṣòkòtò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ihò inú àpò rẹ̀ gún régé.

"Iná wo ló jó èyí?" ni Húsnà béèrè. Kò gbójú sókè, nítorí omi ti kún un.

"Mo ti pe dókítà, mo ní a ò wá mọ́. Lundi, ọjọ́ Ajé, juge fẹ́ rí wa nítorí àtigba Aboudou. Mi ò lè lọ síwájú adájọ́ pẹ̀lú ihò." Ó jókòó sórí àpótí. "Ọjọ́ yẹn, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Húsnà. Mi ò ní yí ojú mọ́."

Húsnà na ìró olódòdó sí i.

Ìyá Àmínátù kó òrí rẹ̀ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní tí ọkọ àti aya bá ti mojú ara wọn, alárinà á yẹ̀bá.

Ó pẹ́ kí Àlàájà tó wá. Ìwé juge tó fi Aboudou fún wọn ti jáde, Aboudou ti ń jókòó. Àlàájà wọ ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láìkanlẹ̀kùn, kò wọ léèsì, kò wọ wúrà. Húsnà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ọmọ wà láyà rẹ̀. Kò dìde, kò kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá."

Àlàájà dúró. Ó wo ọmọ náà, ó wo ẹsẹ̀ kékeré tó ń ta afẹ́fẹ́. Níkẹyìn ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Gbé e fún mi, kí n rí i."

Húsnà wo àwọn ọwọ́ náà. Ọwọ́ tó já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín àwùjọ ni. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà wà lẹ́nu rẹ̀ látòkèdélẹ̀, kò ku ẹyọ kan: gbé ọmọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé. Ó jẹ́ kí wọ́n nà síbẹ̀.

"Ó ń mu lọ́wọ́," ló wí. "Ẹ jókòó, ẹ dúró dè é."

Àlàájà ká ọwọ́ rẹ̀. Ó wo àpótí tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé, ó sì jókòó lé e, ó ń dúró.

Aboudou kò kánjú.